Bọ̀dá mi, kì í ṣe torí owó

Bọ̀dá mi, àsàláàmù àláékùm, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹsẹ̀ Màámi ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lo oògùn tí mo fi ránṣẹ́ àbí wọ́n tún tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí? Mo gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ ká sí WhatsApp, mo gbọ́ ọ tán, èyí tó gùn jù yẹn ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Mi ò dákẹ́ torí àfojúdi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ṣeé sọ lórí fóònù ni, ẹ ó kàn máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó pè mí.

Ọ̀rọ̀ owó ká kọ́kọ́ mú un kúrò ńlẹ̀. Mo jẹ yín, mi ò sá. 600,000 náírà ni mo ṣèlérí fún mọ́sáláṣí, 200,000 ti dé ọwọ́ yín, ó ku 400,000, ó sì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Ẹ ní owó ni kò sí lọ́wọ́ mi tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lórí gúrúpù ẹbí, pé ọmọ Àlùfáà wá di ẹni tó ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ni òrùlé róbótó, dóòmù yẹn, ti wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o. Kì í ṣe torí owó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni lápá kan, mo gbà. Èmi ni mo ya fótò mọ́sáláṣí Sultanahmet ní Istanbul níbí lọ́dún tí mo débí, tó ní gogoro mẹ́fà, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúpù, mo wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹ wo mọ́sáláṣí gidi, kì í ṣe tiwa tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Aguda." Mo rántí dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ń ṣe fáàrí, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Àṣé kọ̀mítì máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé orí, tí wọ́n á wá ní àwọn fẹ́ wó ti Bàbá àgbà kí wọ́n kọ́ ti Turkey.

Ẹ mọ̀ pé Laleli, àdúgbò ọjà kan níbí, ni mo ti ń di ẹrù fún àwọn tó ń fi kárígò ránṣẹ́ sílé. Àwọn ìyá oníṣòwò tó ń ti Èkó wá ra aṣọ, tí wọ́n bá rajà tán, èmi náà ni mo ń mú wọn lọ wo ìlú, tíráàmù ìdúró mẹ́ta péré ni. Mo ti wọ Ayasofya débi pé mi ò lè ka iye ìgbà mọ́. Ẹ sì rántí pé mo fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ Bàbá kí n tó sá lọ sí Èkó, torí náà tí mo bá wọ ilé, òkè ni mò ń wò.

Ayasofya yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ni níbẹ̀rẹ̀. Ọba Justinian ló kọ́ ọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 532, wọ́n parí ní 537. Ẹ ṣírò ó wò, wọn ò tíì bí Ànábì wa nígbà yẹn, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá wọn. Òrùlé róbótó tó wà láàárín ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 31 láti etí kan dé ìkejì, kò sì sí òpó kankan lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí Sultan Mehmed gba ìlú yìí ní 1453, ṣé ó wó o? Kò wó o. Ó sọ ọ́ di mọ́sáláṣí, wọ́n kọ́ gogoro mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Àwọn ìjọba tó dé lẹ́yìn Sultan wá sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù, 2020 ló tó padà di mọ́sáláṣí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú òrùlé yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kọngílá yín wà. Ẹ mú igbá, ẹ da ojú ẹ̀ dé orí àpótí onígun mẹ́rin. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣí sílẹ̀, igbá ò ní kàn wọ́n. Ohun tí àwọn tó kọ́ Ayasofya ṣe ni pé wọ́n mọ igun kọ̀ọ̀kan sókè bí onígun mẹ́ta tó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pàdé ara wọn tí wọ́n di òrùka kan, orí òrùka yẹn ni igbá wá jókòó lé. Ó tán? Kò tán. Igbá ńlá bẹ́ẹ̀ kì í wúwo lọ sísàlẹ̀ nìkan, ó ń ti ògiri síta. Ìdí tí wọ́n fi fi ìdajì igbá méjì tì í lápá ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá fèjìká ti ẹni tó ru ẹrù wúwo. Síbẹ̀ náà, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, òrùlé yẹn wó lulẹ̀ ní 558, 562 ni wọ́n tó parí òmíì, wọ́n sì mú un ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó má baà fi bẹ́ẹ̀ ti ògiri mọ́. Ọba ló ni ìṣúra o, bíríkì àti òkúta sì ni ògiri ẹ̀ o.

Ẹni tó wá kọ́ púpọ̀ nínú àwọn mọ́sáláṣí ńlá ìlú yìí, Sinan ni wọ́n ń pè é. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí òun náà sí, ní abúlé kan lẹ́bàá Kayseri, wọ́n mú un sínú iṣẹ́ ọmọ ogun Sultan bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ àwọn onígbàgbọ́ nígbà yẹn, ó di Mùsùlùmí, ojú ogun ló ti ń kọ́ afárá. Ní nǹkan bí 1539 ó di olórí àwọn tó ń kọ́lé fún Sultan, kò sì fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ títí tó fi kú ní 1588. Tí ẹ bá wọ Süleymaniye tó kọ́ láàárín 1550 sí 1557, igbá ńlá láàárín, ìdajì méjì níwájú àti lẹ́yìn, Ayasofya lẹ ń wò yẹn. Kò fi pamọ́. Ó wo iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, ó rí ibi tó kù sí, ó tún un ṣe, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kí gbogbo jàmáà lè rí ara wọn. Kódà òun náà ló lọ kọ́ òkúta ti ògiri Ayasofya níta kó má baà wó.

Ẹ ó fẹ́ràn èyí. Ó jẹ́ kí akéwì kan kọ ìtàn òun sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ní àwọn onígbàgbọ́ ń fọ́nnu pé kò sí Mùsùlùmí tó lè gbé irú òrùlé Ayasofya dúró. Bàbá yìí lọ sí Edirne, ó kọ́ Selimiye, òpó mẹ́jọ ló fi gbé igbá tó fẹ̀ tó ti Ayasofya, 1575 ló parí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Mi ò tíì débẹ̀, owó mọ́tò àti ọjọ́ iṣẹ́ kan ni, mo sì ní ohun tí mò ń fowó ṣe.

Kì í kúkú ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni àwọn ará Turkey ti mú nǹkan. Kí wọ́n tó gba Istanbul ni wọ́n ti ń kọ́lé ní Bursa, mọ́sáláṣí ńlá ibẹ̀ ní igbá kéékèèké ogún lórí, ọ̀nà àwọn Seljuk tó jọba ṣáájú wọn nìyẹn. Iwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ bí afárá oyin, ilẹ̀ Páṣíà àti ti Lárúbáwá ló ti bá àwọn Seljuk wá. Mọ́sáláṣí aláwọ̀ ewé ti Bursa, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Tabriz ló ṣe táìlì ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí pé iṣẹ́ àwọn ni. Táìlì Iznik aláwọ̀ búlúù tó wà ní Sultanahmet ńkọ́, tó lé ní 20,000? Àwo Ṣáínà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò ṣe irú ẹ̀.

Mọ́sáláṣí Laleli tí mo ti ń kírun Jímọ̀ (mò ń kírun o, ẹ sọ fún Alhaji akápò) ọ̀nà òyìnbó Yúróòpù ló pọ̀ lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, nǹkan bí 1760 sí 1763 ni wọ́n kọ́ ọ, Sultan tó kọ́ ọ wà nínú sàréè níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà lábẹ́ ẹ̀. Ilé Dolmabahçe tí Sultan kó lọ ní 1856, ìdílé Balyan, àwọn ará Àmẹ́níà, onígbàgbọ́, ló kọ́ ọ, àwọn náà ló kọ́ mọ́sáláṣí Ortaköy tó wà létí omi, èyí tí ìyàwó yín fi ṣe àwòrán fóònù wọn.

Bọ̀dá, ta ló wá kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó? João Baptista da Costa, Aguda, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Brazil padà wálé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, 4 oṣù keje 1894, Sultan Abdul Hamid fúnra ẹ̀ rán Quilliam, òyìnbó tó di Mùsùlùmí, wá láti Liverpool, ó fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta. Láti ìlú tí mo wà yìí! (Bey náà ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ẹni tí Sultan rán, ó rí iwájú mọ́sáláṣí tí Aguda fi sìmẹ́ńtì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò ní kí wọ́n wó o. Mọ́sáláṣí àtijọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) náà ńkọ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil bí ìbejì, ṣé ìrun ò dé ọ̀run láti ibẹ̀ ni? Ọ̀dọ̀ àwọn Aguda kan náà ni Bàbá àgbà ti kọ́ṣẹ́. Òdòdó tó wà lókè fèrèsé yẹn, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ṣe é. Lèmọ́mù ńkọ́, ṣé ẹ bi wọ́n léèrè, àbí kọ̀mítì nìkan ló jókòó?

Wàyí o, kọngílá ní tí ẹ ò bá fẹ́ wó gbogbo ẹ̀, òun á gbé dóòmù lé ògiri tó wà ńlẹ̀. Ògiri alámọ̀! Èyí tí òjò ti ń jẹ ìdí ẹ̀ láti ayé Bàbá! Ẹ bá mi bi í pé kí ni ó máa fi ti ògiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ ti fún un ní àkọ́san ni? Èló ni?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi owó mi ṣe ni páànù, àti pákó àjà, àti ìdí ògiri kí wọ́n rẹ́ ẹ. Gogoro kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá wù wọ́n, kó dá dúró lórí ìpìlẹ̀ tiẹ̀. Ẹ tún lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sápá títì kí owó ẹ̀ máa tún mọ́sáláṣí ṣe, bíi ti Laleli. Mi ò ní dá owó kankan fún dóòmù. Ẹ lè ní mo láhun, ẹ lè ní mo gbè sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní dá a.

400,000 tí mo ní ó wà lọ́wọ́ mi yẹn, ká sòótọ́, 280,000 ni. Wọ́n fowó kún ilé lóṣù tó kọjá, ìwé ìgbélùú mi sì fẹ́ parí. Èyí tó kù máa wọlé kí oṣù tó parí, mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn, ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe torí owó.

Ẹ ya fótò ògiri apá kíbílà àti òkè fèrèsé méjèèjì fún mi kó tó di Jímọ̀. Fóònù yín ni kí ẹ fi yà á, kì í ṣe ti Alhaji, kí n lè rí i pé òdòdó yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Ràṣídì