Sí ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè sí ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé orúkọ yín ti jáde, ẹ sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí ibùdó ìdánrawò. Ẹ kú oríire. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá, fèrè ni mo fi jẹun. Orúnkún ò jẹ́ kí n fò mọ́, ẹnu nìkan ló kù tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n gbá a díẹ̀ lónìí.

Ìtàn àwọn ọmọbìnrin Kúbà ni mo fẹ́ sọ. Ní 1992, nídìí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò mi kan, mo rí ọmọ gíga kan níbi Òlíḿpíìkì Barcelona tó ń fò bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Regla Torres lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún 17. Mi ò mọ ohun tí Regla jẹ́ nígbà yẹn. Ìgbà tó pẹ́ ni mo wá mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Regla lódìkejì èbúté Havana, pé ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Wúńdíá Regla wà, àti pé Wúńdíá yìí gan-an ni àwọn Lùkùmí, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, fi ṣe ìbòjú fún Yemọja. Regla méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ náà, Torres àti Bell. Mi ò sọ pé òrìṣà ló bá wọn gbá bọ́ọ̀lù o. Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fara balẹ̀. Orí mi kàn wú ni.

Ẹgbẹ́ yẹn gba góòlù Òlíḿpíìkì ní 1992, ní 1996 àti ní 2000. Ní Sydney, àwọn Rọ́ṣíà ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dìde gba mẹ́ta tó kù. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti se ọbẹ̀ náà ni wọn kì í bèèrè.

Orí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n ti sè é. Láti 1961 ni ìjọba wọn ti dá INDER sílẹ̀ láti máa bójú tó eré ìdárayá, wọ́n sì ní ilé ìwé tí ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá ti máa ń kàwé, táá tún kọ́ bọ́ọ̀lù lójú kan náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Eugenio George, ti gba ife àgbáyé pẹ̀lú àwọn àgbà ní 1978, ní Leningrad. Kò tìtorí ẹ̀ gbàgbé àwọn kékeré. Ní 1985, ní Ítálì, àwọn ọmọ tí kò tíì pé 20 ọdún gba ife àgbáyé ti ọjọ́ orí wọn. Ẹ ka ọdún láti 1985 dé 1992. Méje. Ọdún méje gbáko kí wọ́n tó gba góòlù Òlíḿpíìkì! Kì í kúkú ṣe pé wọn ò tó o. Ìjọba Kúbà kọ̀ láti lọ sí Òlíḿpíìkì Los Angeles ní 1984, wọ́n tún kọ̀ láti lọ sí ti Seoul ní 1988. Ìjà àwọn olóṣèlú ni, àwọn ọmọ ló jìyà ẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó dúró ni Mireya Luis, ọmọ Camagüey. Kò ga rárá lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù: mítà 1.75 péré. Síbẹ̀, bó bá fò, ọwọ́ ẹ̀ ń kan mítà 3.39, nẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin sì jẹ́ 2.24. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ọmọ ọdún 16 ló wà tó fi wọ ẹgbẹ́ àgbà, ó sì ku díẹ̀ kó pé 25 kó tó gba góòlù Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́. Wọ́n ní ní 1986, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tó bímọ ló ti wà ní ìdíje àgbáyé. Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, ẹ gbọ́ ọ bí ìtàn, ẹ má dán an wò.

Ní 1993, àwọn ọ̀dọ́ Kúbà tún gba ife àgbáyé, ní Brazil. Ọdún wo lẹ rò pé ìyẹn jẹ́ nílé wọn? Soviet tó ń fún wọn ní epo àti oúnjẹ ti túká ní 1991. Iná ń lọ, ọkọ̀ ò rìn, kẹ̀kẹ́ ni àwọn èèyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ebi sì ń pa ará ìlú. Mi ò fi ebi yìn wọ́n o. Ebi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù rí, ẹ sì bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá tó ń fi ẹ̀bà àná bọ́ àwọn ọmọ ní ibùdó. Ohun tó mú wọn dúró ni pé wọ́n ti jọ dàgbà. Sẹ́tà, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún ẹni tó máa gbá a, méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbé bọ́ọ̀lù, ó tún ń gbá a mọ́lẹ̀ nígbà tó bá kàn án níwájú. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ní láti mọ mímí ara yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 22, wọ́n pè mí sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan. Ọ̀gá kan ní kí n kọ 18 sínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́. A gba ife, wọ́n gbé mi lérí. Ọmọ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ọmọ ọdún 17 lòun lóòótọ́, ọwọ́ ẹ̀ sì dáa ju tèmi lọ. Ipò rẹ̀ ni mo dúró sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Mo pàdé ẹ̀ lọ́jà ní bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn Kúbà náà ti rọ̀ báyìí. Láti Beijing ní 2008, ẹgbẹ́ obìnrin wọn ò tíì dé Òlíḿpíìkì mọ́. Ìjọba wọn pa á láṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹni tó bá lọ gbowó lókè òkun ò lè gbá fún ìlú mọ́, àwọn ọmọ sì ń lọ. Taismary Agüero, tó gba góòlù méjì fún Kúbà, wọ aṣọ Ítálì ní Beijing yẹn. Wilfredo León, tó wọ ẹgbẹ́ àgbà lọ́mọ ọdún 14, gba fàdákà fún Pólàǹdì ní Paris ní 2024. Mi ò bú wọn. Ẹni tó bá pè yín lókè òkun, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òbí yín àti lọ́yà ka ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú bàtà méjì dání, ẹ mú ìbòrúnkún, ẹ sì mú ìwé ìbí yín, èyí tí ìyá yín tọ́jú sínú àpótí, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá ní àwọn máa bá yín ṣe.

Èmi ni,
Bàbá yín olùkọ́, Abẹ́òkúta