Ṣòkòtò òjò tó fúyẹ́: gíráàmù tí wọ́n yọ, ibo ni wọ́n ti yọ ọ́?

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa. Mo ka lẹ́tà arákùnrin tó kọ̀wé láti Manchester, èyí tó ní kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ń gun òkè nílùú ọba lópin ọ̀sẹ̀ kàn lọ ra ṣòkòtò òjò tó bá ti fúyẹ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù, pé èyí tó bá ti fúyẹ́ jù náà ló dáa jù. Mi ò bá a jà o, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí létí dáadáa, àmọ́ ìdajì tó kù yẹn lè kó èèyàn sí wàhálà lórí òkè.

Ibi tó ti sọ òótọ́ ni pé kó fúyẹ́. Ṣòkòtò òjò kì í ṣe nǹkan téèyàn ń wọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, inú báàgì ló máa ń wà, tó bá wá wúwo tó tún ń gba àyè, ẹ máa wo ojú ọ̀run ẹ máa ní òní ò ní rọ̀ jàre, ẹ máa fi sílẹ̀ sínú mọ́tò, ibẹ̀ náà lòjò á ti ká yín mọ́. Èyí tó bá wà láàárín 100 sí 200 gíráàmù, tẹ́ ẹ ká a tó kéré, ẹ ò ní rántí pé ó wà lẹ́yìn yín. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ò tó 100.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tà á: gíráàmù tí wọ́n yọ yẹn, ibo ni wọ́n ti yọ ọ́?

Síìpù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gé. Àwọn tó wúwo máa ń ní síìpù láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan, ẹ lè wọ̀ ọ́ lórí búùtù láì bọ́ bàtà. Àwọn tó fúyẹ́ yìí ńkọ́, síìpù wọn lè má ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, òmíì ò ní rárá. Ẹ wá rò ó wò, òjò ti dé, atẹ́gùn ń tì yín, ẹ fẹsẹ̀ kan dúró lórí àpáta tó ń yọ̀, ẹ ń fa ṣòkòtò gba orí búùtù ẹlẹ́rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn tá a jọ ń lọ pé búùtù tí wọ́n fẹ́ fi gun òkè ni kí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dán ṣòkòtò wò pẹ̀lú ẹ̀, ojú lè fẹ́ tini díẹ̀ sha. Ẹni tó bá sì ti ra èyí tí ò ní síìpù, kó máa mú náílọ́ọ̀nù kan dání, kó fi bo búùtù kó tó ki ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò, á yọ̀ kọjá wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn síìpù, ó kan aṣọ fúnra ẹ̀. Ẹ máa rí 7D, 10D, 20D, 40D lára lébẹ́ẹ̀lì, òwú tí wọ́n fi hun ún ni wọ́n ń sọ bó ṣe nípọn tó. Ojú ọ̀nà tó mọ́, 10D ò burú, àmọ́ ẹni tó máa fìdí wọ́ lórí àpáta tàbí kó gba inú ẹ̀gún kọjá, 20D sókè ni kó wò. Aṣọ òjò Frogg Toggs táwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ńkọ́? Kò wọ́n, ó fúyẹ́, àmọ́ ó máa ń tètè ya, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ a máa gbé téèpù dání láti fi lẹ̀ ẹ́.

Ẹ yẹ inú ẹ̀ wò náà. Tí wọn ò bá lẹ téèpù mọ́ ojú rírán, ojú abẹ́rẹ́ lomi máa gbà wọlé, kí aṣọ ọ̀hún dáa títí. Nọ́ńbà tó ń parí sí mm, bíi 10,000mm, ìyẹn ni bí omi tó dúró lórí aṣọ ṣe máa ga tó kó tó jò, ẹ má lọ sísàlẹ̀ ìyẹn, torí tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ jókòó sórí koríko tútù, ìwúwo ara yín á máa ti omi wọlé.

Àwọn kan nílé máa ní kí ló dé tá a ń fi òjò ṣe gbogbo eléyìí. Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Seathwaite, nítòsí Scafell Pike tó jẹ́ òkè tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (978 mítà), òjò ibẹ̀ máa ń lé ní 3,000 mìlímítà lọ́dún, ti Ìbàdàn ò ju nǹkan bíi 1,300 lọ. Kì í sì ṣe pípọ̀ nìkan, òjò tiwa á rọ̀ bíi kó gbé ilé lọ, á dá, oòrùn á yọ, aṣọ á gbẹ síni lára, tibẹ̀ á máa ṣẹ́ winniwinni títí ilẹ̀ á fi ṣú, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ lu itan yín. Jíìnsì tó bá ti mumi níbẹ̀ ò ní gbẹ, òtútù á wọni dé eegun, ẹsẹ̀ ò sì ní fẹ́ gbé mọ́. Réénkóòtù nìkan ò tó o, gbogbo omi tó bá ṣàn lára ẹ̀, orí itan ló ń dà sí.

Ẹ̀yin obìnrin, wọ́n ti ń ṣe èyí tó dà bí ìró báyìí, ẹ kàn máa ró o mọ́ ìbàdí ni, kò ní síìpù, kò ní wàhálà búùtù, atẹ́gùn ń gba ìsàlẹ̀ wọlé kẹ́ ẹ má bàa làágùn, ìdí tó tóbi ò sì ní kó fún. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju ṣòkòtò lọ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò bá le, tó bá le á kàn máa fò sókè, ẹsẹ̀ á sì tutù láti orúnkún lọ sísàlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má da ohun tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i, ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ yìí wà, bíi ti Nikwax. Àwọn ṣòkòtò tuntun tí wọ́n ti yọ PFAS, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kómi lẹ̀ mọ́ aṣọ, kúrò lára wọn (California ti fòfin de kẹ́míkà yẹn nínú ọ̀pọ̀ aṣọ láti 2025) ń fẹ́ ìtọ́jú lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kómi tó lè máa yí dànù lára wọn.

Ẹni tó bá jẹ́ òkè Ìdànrè ló fẹ́ gùn, kó fowó ẹ̀ sápò, ooru ibẹ̀ á jẹ́ kí òógùn rin ín nínú ṣòkòtò yẹn ju bí òjò ṣe máa rin ín lọ.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan láti Leeds