Àbẹ̀kẹ́, má tíì fi fọ́ọ̀mù PhD yẹn ránṣẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi, ẹ kú ilé o. Ara Màámi ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lọ sí Ọjà Ọba padà? Mo rí àwọn yunifásitì tó o tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo wọn lorúkọ wọn ń dún, àmọ́ mi ò rí nǹkan tó o fẹ́ lọ wádìí níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí PhD ní Amẹ́ríkà níbí, kò dáa kéèyàn dé bẹ̀ kó tó máa wá ohun tó wù ú. Tó o bá kọ ọ́ pé o fẹ́ràn kẹ́mísírì àyíká, ta ni ò ní kọ ìyẹn?

Odò Ọ̀ṣun tó o máa ń bá mi sọ ńkọ́? Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà da ilẹ̀ rú, omi yẹn wá dà bí omi ẹrẹ̀, òun náà ló sì ń ṣàn gba inú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, tó bá dọdún Ọ̀ṣun ní August àwọn èèyàn ṣì ń bù ú mu. Ó ká mi lára gan-an. Ọ̀pọ̀ awakùsà góòlù kéékèèké máa ń lo mercury, irin olómi tó ní májèlé, tó bá wọnú odò, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi lè sọ ọ́ di methylmercury, oríṣi mercury tó burú jù fún ara, ìyẹn ló máa ń kó jọ sára ẹja. Nínú Ọ̀ṣun, mélòó ló wà nínú ẹrẹ̀, mélòó ló ti dénú ẹja, ṣé ìgbà ẹ̀rùn ló ń pọ̀ ni àbí ìgbà òjò? Èyí lèèyàn lè fọdún márùn-ún ṣe!

Wọ Google Scholar, wá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí mercury nínú odò, ka iṣẹ́ wọn dópin níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó ṣẹ́ kù. Orúkọ tó bá ń yọ léraléra, ibi tó ti ń kọ́ni ni kó o kọ sílẹ̀, yunifásitì náà ì báà má lórúkọ rárá. Kọ ímeèlì kúkúrú sí i, bi í bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, torí ẹlòmíì ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, owó ìwádìí ẹlòmíì sì ti tán. Kó o tún wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀, bi wọ́n bó ṣe ń ṣe sí wọn, jọ̀ọ́ má fo èyí, ọ̀gá tí ò rí tèèyàn rò lè dáni dúró sójú kan fọ́dún gbọọrọ.

Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń parí ní December. Béèrè bóyá wọ́n lè yọ owó fọ́ọ̀mù kúrò fún ẹ kó o tó san kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ ibi ò sì béèrè GRE, ìdánwò ìgbaniwọlé yẹn, mọ́, wo ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Kọ ìbéèrè ìwádìí ẹ ní ìlà méjì péré, fi ránṣẹ́ kó tó di Sunday, màá kà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Sọ fún Màámi pé owó oògùn wọn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ.