Àjọkẹ́, Kí O Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Yẹn

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé àdéhùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dé ọwọ́ mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí n lè fi bírò sàmì sí i. Màmá rẹ kò tíì sinmi ijó láti ìgbà tó ti gbọ́ pé o ríṣẹ́ sí Yábàá, èmi náà sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí. Iṣẹ́ kíkọ kóòdù, ọ̀rọ̀ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, lo ti fẹ́ láti kékeré, òun náà lo sì rí. Iṣẹ́ náà yóò tù ọ́ lára.

Ìpínrọ̀ keje ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní gbogbo ohun tí o bá kọ níwọ̀n ìgbà tí o bá wà lọ́dọ̀ àwọn, ìbáà jẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án, ìbáà jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ kọ̀ǹpútà tìrẹ lo fi kọ ọ́, tàwọn ni. O ní gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń kọ irú rẹ̀, pé kò sí nǹkan ńbẹ̀. Nǹkan wà ńbẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Kí wọ́n tó bí ọ ni wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa ní Agbowó. Ìwé ńlá la fi ń ṣe àkọsílẹ̀ nígbà náà. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo gbà wọ́n níyànjú pé kí a ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa ṣírò owó àfipamọ́ àti owó àyálò fún wa. A rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, a san owó gidi, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún mẹ́rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo tan kọ̀ǹpútà, ètò náà ní kí n tẹ nọ́ńbà tuntun kí òun tó lè ṣí. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà, fóònù wọn kò lọ. Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn, aránṣọ ló ti gba ibẹ̀.

Owó ẹgbẹ́ wà ní báńkì, kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Ṣùgbọ́n iye tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ, inú fáìlì kan ṣoṣo ló wà, kò sì sí ètò mìíràn tó lè ka fáìlì náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gba rìsíìtì kiri lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ 163, tí mo ń fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ padà sínú ìwé. Rìsíìtì ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà ní ìdojúkọ wa ti bómi lọ nígbà tí àgbàrá ya wọ ilé rẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sunkún, n kò sì lè wojú rẹ̀. Èmi ni mo mú wọn débẹ̀. N kò mọ̀ pé inú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn ni mo kó àkọsílẹ̀ wọn sí.

Nígbà tí mo ń wá ọ̀nà àbáyọ ni mo ka ìtàn Richard Stallman. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, yàrá ìwádìí kan ní MIT, yunifásítì kan níbẹ̀, ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti tún kóòdù rẹ̀ ṣe, débi pé bí bébà bá há sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ tuntun. Èyí náà ń há, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ kò bá a wá, wọn kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Stallman gbọ́ pé ẹnì kan ní yunifásítì Carnegie Mellon ní kóòdù náà lọ́wọ́, ó wá a lọ. Ẹni náà ní òun kò lè fún un, pé òun ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni.

Wo ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, Àjọkẹ́. Ẹni yẹn kì í ṣe òṣìkà. Ó kàn fọwọ́ síwèé ni, bóyá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, bóyá òun náà rò pé kò sí nǹkan ńbẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Stallman kéde pé òun yóò kọ odindi ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo ayé yóò lè lò, tí wọn yóò sì lè tún ṣe. GNU ló pè é. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1984, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní MIT, kí ilé-ẹ̀kọ́ náà má baà dìde lọ́la sọ pé tàwọn ni ohun tó kọ. Irú ìpínrọ̀ keje tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí gan-an ló sá fún. Mo ti ka ìtàn yẹn láìmọye ìgbà, ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń dúró sí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ràn án lọ́wọ́. 'Free' ni wọ́n ń pe ohun tí a kò sanwó rẹ̀, 'free' náà ni wọ́n ń pe ẹni tí a kò dè lókùn, ó wá di pé ó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣàlàyé èyí tí òun ń wí. Àwa ní ọ̀fẹ́, a sì ní òmìnira, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ṣi ọ̀kan gbọ́ sí èkejì. Ètò tó ní òmìnira ni èyí tí o lè lò fún ohunkóhun tó bá wù ọ́, tí o lè ṣí inú rẹ̀ wò kí o sì tún un ṣe, tí o sì lè fún aládùúgbò rẹ, títí kan èyí tí o fọwọ́ ara rẹ tún ṣe. Ẹnì kan lè tà á fún ọ ní owó gọbọi kí ó ṣì ní òmìnira. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, òmìnira kankan kò sí nínú rẹ̀. Èyí tí a tilẹ̀ sanwó rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Keje ọdún 2009, Amazon tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti òkèèrè, pa ìwé rẹ́ lórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé wọn, tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ti ra ìwé náà. Wọ́n dá owó wọn padà, ọ̀gá wọn sì tọrọ àforíjì. Mo gbọ́ àforíjì náà. Ohun tí n kò gbàgbé ni pé wọ́n lágbára àtiṣe é.

O bi mí lọ́jọ́sí pé láísẹ́ǹsì wo, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń sọ ohun tí èèyàn lè fi kóòdù ẹni ṣe, ló dára jù. Ìbéèrè gidi ni, n kò dáhùn rẹ̀ dáadáa lórí fóònù. Rántí àáró tí bàbá mi máa ń sọ fún yín. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà á lọ kọbè lóko ẹnì kan lónìí, ọ̀la á kan oko ẹnì kejì, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, gbogbo abúlé ló ń mọ̀ ọ́n. GPL, láísẹ́ǹsì tí Stallman gbé jáde ní 1989, àáró ni. Ó ní: gba kóòdù mi, lò ó, tún un ṣe bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ pín in fún ẹlòmíràn, jẹ́ kí tìrẹ náà wà ní ṣíṣí bí tèmi ṣe wà. Láísẹ́ǹsì MIT àti ti BSD, sàárà ni wọ́n. Ẹni tó gba sàárà kò jẹ ọ́ ní gbèsè kan ju pé kí ó má pa orúkọ rẹ rẹ́ lọ. Méjèèjì ni iṣẹ́ rere. Ibi tí ẹkún ti ń wá ni kí èèyàn ṣe sàárà kí ó tún máa retí àáró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Redis, ètò kan tó ń tọ́jú dátà, fi wà lábẹ́ BSD, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá, háyà ń rí owó lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tó ni ín yí láísẹ́ǹsì padà nítorí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí àwọn ìyókù tó ń bá wọn kọ ọ́ fi kó kóòdù ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n sọ ọ́ ní Valkey.

Èmi, àáró ni mo fara mọ́. Linus Torvalds ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà tó kéde Linux, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Nígbà tó di 1992, ó gbé e sábẹ́ GPL, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilé-iṣẹ́ kan tó rí i gbé sá wọlé. Ní 2001, Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà pe Linux ní àrùn jẹjẹrẹ. Ní 2018, Microsoft yìí kan náà fi bílíọ̀nù 7.5 dọ́là ra GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ ètò tó ṣí sílẹ̀ ń kó kóòdù wọn sí. Láti ìparí ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé, Linux ni wọ́n ń lò, Linux náà ló wà lábẹ́ Android tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé a ti borí nìyẹn.

N kò bá wọn sọ ọ́, nítorí mo ń wo ẹni tó ru ẹrù. Nígbà tí àṣìṣe tí wọ́n pè ní Heartbleed jáde nínú OpenSSL ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ètò yìí tí ìdá ńlá íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹnì kan péré ló fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ́dún sì ni owó ìtọrẹ tó ń wọlé fún wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń pa bílíọ̀nù lórí rẹ̀ kò níye. Ní ọdún 2024, ọ̀ràn xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, tún ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú ètò kékeré yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá bá a, ó ń ràn án lọ́wọ́ fún ohun tó lé lọ́dún méjì, àfi ìgbà tó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí olè lè gbà wọlé sínú kóòdù náà. Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló rí i, torí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kóòdù wà ní ṣíṣí, ó sì lè tú u wò títí tó fi dé ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí o ní irú ojú inú bẹ́ẹ̀. Mo tún fẹ́ kí o rántí ẹni àkọ́kọ́, ẹni tó rẹ̀ tí kò sí ẹni tó bá a gbé e. Bí o bá dé ilé-iṣẹ́ yẹn, tí o rí i pé orí iṣẹ́ irú wọn ni ẹ kọ́lé lé, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bóyá ẹ lè dá àtúnṣe tí ẹ bá ṣe padà fún wọn, bóyá ẹ lè fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni yóò gbà. Ṣáà béèrè.

N kò ní tàn ọ́ jẹ pé gbogbo ètò tó ní òmìnira ló dára. Ní 2006 ni mo gba páálí CD Ubuntu, irú Linux kan, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ káàkiri ayé nígbà náà ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa jà kí ó tó gbọ́ ti Ubuntu. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wá, mo ṣí i, gbogbo tábìlì inú rẹ̀ sì tú ká. Mo pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, kò sí fáìlì kan tí mo kọ tí n kò lè ṣí lónìí.

Mo wá dé orí ohun tó jẹ mí lógún. Ètò àyẹ̀wò àkọtọ́ Yorùbá tí o bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o wà ní ọdún kẹta ní Ifẹ̀, ṣé o rò ó pé ìpínrọ̀ keje lè gbé e lọ? O mọ bí a ṣe ń jìyà àmì ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà ẹ́ wa kò ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé tí kọ̀ǹpútà ń lò, bí é ti àwọn Faransé ṣe ní, àfi kí a fi àmì lé ẹ lórí. Fọ́ǹtì ayédèrú tí wọ́n ń tà láyé ọjọ́un sì ń sọ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá di jágbajàgba bí wọ́n bá ti gbé e dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò jí lọ́la tí yóò ní òun fẹ́ pa owó lórí àmì ohùn wa. Hunspell, ètò àyẹ̀wò àkọtọ́ tí o fi ń ṣe é, ọmọ Húngárì kan, László Németh, ló kọ ọ́ torí èdè tirẹ̀. Torí pé ó ṣí i sílẹ̀, òun ló wà nínú LibreOffice tí a fi ń tẹ̀wé àti Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, òun náà lo bá nílẹ̀ tí o ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sí.

Nítorí náà, kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, gbé ohun tí o ti ṣe síta pẹ̀lú orúkọ rẹ, kí déètì wà lára rẹ̀, kí o fi GPL sí i. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o ní iṣẹ́ kan tó ti wà kí o tó dé, dárúkọ rẹ̀, kí o ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àdéhùn. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n lè kọ ọ́ pé ohun tí o bá fi àkókò rẹ àti ẹ̀rọ rẹ ṣe, tí kò kan iṣẹ́ wọn, tìrẹ ni. Jẹ́ kí èsì wọn wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, má fọwọ́ sí i, má sì bá wọn jà, pè mí. N kò ní sọ pé kí o kọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo mọ iye tí wọ́n ń gba owó ilé l'Ékòó. A ó jọ jókòó tì í ni, a ó sì fi han ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà.

Màmá rẹ ti di gaàrí àti ẹ̀wà sínú àpò, dírẹ́bà tó ń bọ̀ l'Ójọ́bọ̀ ni yóò gbé e wá. Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ wà nínú rẹ̀, mo ti fi Debian, irú Linux mìíràn, sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Orí rẹ̀ ni kí o ti máa ṣe iṣẹ́ tìrẹ, má fi ti ọ́fíìsì ṣe é. Wo fáìlì kan níbẹ̀ tí mo pè ní 'orúkọ-ewé'. Ọ̀rọ̀ 212 ni mo ti kó jọ láti ẹnu ìyá àgbà, pẹ̀lú àmì wọn. Ohùn mẹ́rin nínú wọn kò dá mi lójú, mo fi ìlà sí wọn nídìí, bá mi yẹ̀ wọ́n wò kí o tó kó wọn sí i.

Èmi ni bàbá rẹ.