Kọmíṣánnà Kọ́ La Dìbò Fún

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Adìẹ ni mo ń tà. Ọ̀fà ni mo ti ń kó wọn wá sí Ìpàta ní Ìlọrin, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Lóṣù tó kọjá, àwọn agbowó kan dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà. ₦200 la máa ń san lórí àgò kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó ti di ₦500. Mo ní kí wọ́n fi òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn mí. Ọ̀kan nínú wọn yọ ìwé pélébé kan tó ti rún jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ọjọ́ kò sí níbẹ̀. Ó ní òfin ti fún ọ̀gá àwọn, ìyẹn kọmíṣánnà, láyè kó bu iye tó bá ti tọ́ lójú rẹ̀ lé wa. Mo sanwó. Adìẹ kì í dúró de àríyànjiyàn nínú oòrùn.

Bó bá ti tọ́ lójú rẹ̀! Tí òfin bá lè sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wo ló wá kù fún àwọn tó ṣe é? Abala kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fi àṣẹ ìṣòfin ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà tàbí kọmíṣánnà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló gbé e fún. Aṣòfin 24 ló wà ní Kwara, àwa la sì dìbò yàn wọ́n. A rán wọn níṣẹ́, wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n fi rán ẹlòmíràn.

N ò ní kí wọ́n máa jókòó ka ìyẹ́ adìẹ o. Nígbà tí àrùn adìẹ wọ Nàìjíríà ní 2006, ta ló máa ní kí wọ́n ka àbá òfin lẹ́ẹ̀mẹta ná kí wọ́n tó ní ká má gbé adìẹ rìn? Àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe ìlànà. Kí òfin ṣáà pààlà fún wọn: iye tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá, ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ gbowó, àti pé kí ìlànà náà padà dé iwájú ilé aṣòfin kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹjọ́ kan wà tó máa ń dùn mọ́ èmi aládìẹ nínú. Ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ̀sùn kan ẹbí Schechter, tí wọ́n ń ta adìẹ bíi tèmi, pé wọ́n rú ìlànà ọjà adìẹ. Ilé aṣòfin kọ́ ló ṣe ìlànà yẹn. Ààrẹ Roosevelt ló fọwọ́ sí i, torí òfin kan ní 1933 ti gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ fún un. Ní 1935, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fẹnu kò pé aṣòfin ò lè di iṣẹ́ rẹ̀ fún ààrẹ láìpààlà. Aládìẹ ló jàre ààrẹ!

Nítorí náà, tí àbá òfin kan bá tún dé tó ní "bó bá ti tọ́ lójú kọmíṣánnà", kí aṣojú wa láti Ọ̀fà dìde, kó bèèrè pé: èló ni kò gbọdọ̀ kọjá? Mo tún ń lọ sí Ìpàta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àgò méjìlá ni mo fẹ́ gbé.

Èmi ni tiyín,
Aládìẹ kan, Ọ̀fà