Ẹ má ju bisikíìtì sí àwọn ọ̀bọ Lẹ́kkí mọ́

Olóòtú àgbà,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Láti Yábàá ni mo ti kó àwọn ọmọ mi lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tó ti wà ní Lẹ́kkí láti ọdún 1990. Afárá orí igi ibẹ̀, tó gùn tó mítà 401, wọ̀ wọ́n lára gan-an. Àmọ́ àgbàlagbà ni mo rí tó ń ju bisikíìtì sí àwọn ọ̀bọ! Ó dùn mí. Ọ̀bọ tí adùn bisikíìtì bá ti mọ́ lẹ́nu, á máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Hẹ́kítà 78 péré ni gbogbo ọgbà náà, ilé sì ti yí i ká. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ wa wà nínú báàgì.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Yábàá, Èkó.