Ẹ Fi Òkùnkùn Sílẹ̀ fún Ìjàpá Òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi, bàbá àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta gbéra láti Ìbàdàn, a ní ká lọ wo títì tuntun etí òkun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ní yóò gùn tó 700 kìlómítà láti Èkó dé Calabar. A gba ibi tí ọkọ̀ ti lè gbà nínú abala àkọ́kọ́, a sì gba ọ̀nà àtijọ́ dé Elékòó.

Ojú wa rí ohun tó dára. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, àwòdì ń rà bàbà lókè, ọmọ mi kékeré sì ń ka lékeléke inú irà. A ti kọ́kọ́ yà ní ọgbà ẹranko tó wà ní Lẹ́kí, níbi tí àwọn ọ̀bọ ti ń fò láti igi sí igi, tí afárá onímítà 401 sì gba orí igi kọjá. Ibẹ̀ dùn, àmọ́ kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí.

Ní Elékòó, a bọ́ bàtà, a ń rìn létí omi. Bẹ́ẹ̀ la rí ipa kan lórí iyanrìn, ó fẹ̀ bí ojú táyà katakata, ó ti inú òkun wá, ó sì padà síbẹ̀. Bàbá apẹja kan ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ àtíbàbà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bi wọ́n léèrè ohun tó gba ibẹ̀ kọjá.

"Ọmọ mi, ìjàpá òkun ni. Ó wá yé ẹyin lóru."

Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń gbẹ́ kòtò, á yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún, á bò ó, á sì máa lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ á hú jáde lóru. Ojú òkun ló sábà máa ń mọ́lẹ̀ ju orí ilẹ̀ lọ nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé dé inú omi. Bí iná mànàmáná bá tàn yòò lẹ́yìn wọn, títì ni wọ́n á kọrí sí. Bàbá ní àwọn ti ṣa òkú wọn rí láàárọ̀.

Nígbà tí à ń padà, a rí àwọn ọ̀dọ́ kan tó so ìjàpá òkun ńlá kan mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi lélẹ̀, wọ́n ń fi lọ ọlọ́kọ̀ kan pé kó rà á. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé iyọ̀ inú òkun ló ń gba ojú dà nù, àmọ́ nígbà tí ọmọbìnrin mi bú sẹ́kún, mi ò lè sọ ọ́ fún un.

Mi ò dá àwọn apẹja lẹ́bi. Bàbá yẹn ti sọ fún wa pé bí ìjàpá bá kó sí àwọ̀n, ó máa ń fà á ya, bí àwọn bá sì tà á, àwọn á rówó rán àwọ̀n. Kí ìjọba san owó àwọ̀n fún ẹni tó bá tú ìjàpá sílẹ̀. Kí àwa tí à ń gbé ọkọ̀ kọjá má rà á. Ní ti iná títì, láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹta tí àwọn ìjàpá ń yé ẹyin, ẹ jẹ́ kí ìjọba bo ojú rẹ̀ kó má tàn sórí iyanrìn, kí wọ́n sì lo iná pupa rẹ́súrẹ́sú, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣi àwọn ìjàpá lọ́nà bíi funfun.

Bàbá fi igi mẹ́ta sàmì sí ojú kòtò náà. Lẹ́yìn oṣù méjì, a ó padà lọ wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí kó tó dìgbà náà.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.